Ṣé Ó Yẹ Kí Ilé-Ìwé Yọ Orin Kúrò? Ìdáhùn fún Ìyá Kan ní Òṣogbo

Ìbéèrè: Ìyá kan tó ń gbé ní Òṣogbo kọ̀wé sí mi pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni tí ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún 8, ń lọ fẹ́ yọ orin kúrò nínú táìmù-tébù, kí wọ́n fi àkókò rẹ̀ kún ti kọ̀ǹpútà. Nígbà tí àwọn òbí kan fẹ̀hónú hàn, ọ̀gá ilé-ìwé dá wọn lóhùn pé kò sóhun tí orin ń ṣe tí fóònù kò lè ṣe, kí òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ orin máa tẹ̀ ẹ́ fún un nílé. Ìyá náà wá béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Ṣé lóòótọ́ ni orin ń mú kí ọpọlọ ọmọ jí? Ṣé ó wúlò fún ìlera, nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ mú bàbá òun, bàbá kò sì lè sọ̀rọ̀ tó já gaara mọ́, síbẹ̀ wọ́n ń kọ orin ìyìn láì fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀? Kí ni orin ń ṣe láàárín ìlú yàtọ̀ sí ti òde àríyá? Ṣé ó sì dára kí ọmọbìnrin máa lu ìlù, nítorí ọmọ náà ti ń tọrọ gángan?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ìtọ́jú bàbá, Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ilé-ìwé sọ nípa fóònù ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹ béèrè dá lé. Ẹni tó bá rò pé ohun tó ń jáde láti inú fóònù ni orin kò jẹ̀bi púpọ̀ bó bá ní kí a fi í sílẹ̀ fún ilé, nítorí pé èrè tí ènìyàn ń jẹ nínú orin tí ẹlòmíràn kọ, tó kàn jókòó gbọ́, kò tó nǹkan. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lù ú, tó sì ń ṣe é láàárín àwọn ẹlòmíràn ni èrè náà pọ̀ sí, ìbáà ṣe ti ẹ̀kọ́, ti ìlera, tàbí ti ìlú. Ìyẹn ni fóònù kò lè ṣe fún ọmọ yín.

Ẹ jẹ́ kí n mú àsọdùn kan kúrò lọ́nà, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń gbèjà orin nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́ fi ṣe ohun ìjà. Lọ́dún 1993, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Yunifásítì Kalifọ́níà tó wà ní Irvine, ní Amẹ́ríkà, jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 36 fi ìṣẹ́jú 10 gbọ́ orin dùùrù kan tí Mozart, òyìnbó olórin ayé àtijọ́, kọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n fún wọn ní ìdánwò tó gba fífi ojú inú wo bí bébà tí a ká tí a sì gé yóò ṣe rí bí a bá tú u. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe dáadáa ju ìgbà tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí àǹfààní náà fi pòórá. Kò sí ọmọ ọwọ́ kankan nínú ìwádìí náà. Síbẹ̀ ìròyìn tàn ká ayé pé orin Mozart ń sọ ọmọ di ọlọ́pọlọ pípé, débi pé Zell Miller, gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia nígbà náà, béèrè fún dọ́là 105,000 ní 1998 kí ìjọba lè máa fún gbogbo ìkókó ní irú orin bẹ́ẹ̀. Àwọn tó tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn ìgbà náà rí i pé bí a bá ka ìtàn sí etí ẹni tó fẹ́ràn ìtàn, òun náà yóò ṣe dáadáa bákan náà. Ìdùnnú ló ṣiṣẹ́, ara tó yá ló ṣe ìdánwò. Mozart kò ní oògùn kankan lọ́wọ́.

Ìwádìí tó ṣeé gbára lé ju ìyẹn lọ ni èyí tí Glenn Schellenberg ṣe ní Toronto, tó tẹ̀ jáde ní 2004. Ó kó ọmọ ọdún 6 jọ, 144 ni wọ́n, ó sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn kan kọ́ kíbọ́ọ̀dù, àwọn kan kọ́ orin ẹnu, àwọn kan kọ́ eré orí ìtàgé, àwọn yòókù kò sì kọ́ ọ̀kankan nínú wọn títí ọdún fi yí po. Máàkì làákàyè gbogbo wọn ló gòkè, nítorí pé ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé ni. Ti àwọn tó kọ́ orin fi nǹkan bí 7 gòkè, ti àwọn yòókù sì fi 4 àti díẹ̀ gòkè. Ìyàtọ̀ náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí a ń lu agogo sí. Ohun tó mú mi ronú nínú rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tó kọ́ eré orí ìtàgé ni ìwà wọn láàárín ẹgbẹ́ dára sí i, tí àwọn ọmọ olórin kò sì rí irú èrè yẹn. Mo fura pé nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ wọn ni, nítorí pé eré orí ìtàgé kò ṣeé ṣe láìjẹ́ pé ọmọ kan ń dá ọmọ kejì lóhùn, nígbà tí ẹni tó jókòó ti kíbọ́ọ̀dù lè má gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá dìde ní ìpàdé, ẹ má ṣe sọ pé orin ń fún ọmọ ní ọpọlọ. Bó bá jẹ́ máàkì nìkan ni ọ̀gá ilé-ìwé ń wá, ó lè fèsì pé wákàtí ìwé kíkà lè mú un wá kíákíá ju orin lọ, ẹ ò sì ní rí èsì fún un. Ohun tí orin ń ṣe tí ẹ̀kọ́ mìíràn kò lè ṣe ni kí ẹ sọ.

Àkọ́kọ́ wà nínú ohùn èdè wa. Olùkọ́ Yorùbá tó bá ń kọ́ ọmọ ní àmì ohùn, dò, re, mí ni yóò fi kọ́ ọ: ohùn ìsàlẹ̀ ni dò, ohùn àárín ni re, ohùn òkè ni mí. Ẹ ní kí ọmọ yín wí gbólóhùn yìí, «Ìyàwó mi dà?», lẹ́yìn náà kó pa ẹnu dé, kó fi imú kùn ún. Ohun tí yóò jáde ni dò dò mí re dò. Ẹ ní kó kùn «Ọkọ mi dà?» náà, ẹ ó gbọ́ re re re dò. Bó bá ti lè ṣe èyí, tó sì lè fi ọ̀pá lu ohun kan náà jáde lára ìlù, ó ti mọ ibi tí àmì yóò jókòó lórí lẹ́tà kó tó mú gègé rárá. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá nílé dáadáa ṣùgbọ́n tí wọn kò lè fi àmì sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, n kò sì tíì rí ọ̀nà tó yá ju èyí lọ. Àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n kí ilé-ìwé tó dé. Ẹ wo orin eré òṣùpá, ẹ wo orin tí ọmọdé fi ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ ó rí i pé orin náà kì í gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà ọmọ ń kọ́ ìṣírò, ó ń kọ́ ohùn, kò sì mọ̀ pé òun ń kàwé. Orin ilé-ìwé tó ń ní kí ọmọ wẹ̀ kó mọ́, kó gé èékánná, kó má jẹun jù, ìran kan kọ́ ìran kejì láì sí ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àgbàlagbà tó kọ́ ọ ní kíláàsì kìíní sì lè kọ ọ́ fún yín lónìí láì ṣìnà.

Ìpalára wà nínú rẹ̀ náà bí a kò bá ṣọ́ra. Àwọn míṣọ́nnárì tó gbé ìwé wá gbé orin ìsìn wá pẹ̀lú. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì fi í lé orí orin òyìnbó tí wọ́n bá a wá. Níbi tí orin bá ti gòkè tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà di òmíràn, tàbí kó di ohun tí kò ní ìtumọ̀ lẹ́nu ìjọ. T. K. Ekundayo Phillips, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Marina, l'Ékòó, láti 1914, tó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi ìwé kan tó kọ lórí orin Yorùbá ní 1953 ṣàlàyé pé ohùn ọ̀rọ̀ ni orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ohun tí mo ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni lónìí kò jìnnà sí ti ayé ìgbà yẹn: kíbọ́ọ̀dù kan, orin ọmọdé òyìnbó mẹ́wàá, kò sì sí orin Yorùbá kan ṣoṣo nínú wọn. Kíbọ́ọ̀dù kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irú ẹ̀kọ́ orin bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwé yín fẹ́ yọ, àdánù náà kéré ju bí ẹ ṣe rò lọ, ohun tó sì yẹ kí ẹ jà fún ni kí wọ́n fi èyí tó dára rọ́pò rẹ̀.

Ìkejì ni agbo. Ẹ lọ wo àwọn onílù dùndún níbi tí wọ́n bá jókòó sí, kí ẹ má wo ìyáàlù tó so ṣaworo mọ́ra nìkan. Ẹ wo ẹni tó gbé gúdúgúdú kọ́rùn, ìlù kékeré olójú kan tí wọ́n fi awọ líle méjì lù. Kì í sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa lu ohun kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì yára, láì falẹ̀. Kẹríkẹrì àti ìṣáájú, àwọn ìlù mìíràn nínú agbo náà, ní iṣẹ́ tiwọn, ìlù wọn wọnú ara wọn débi pé bí ọ̀kan bá dákẹ́, ẹ ó mọ̀ pé nǹkan ti jábọ́. Orí gbogbo ìyẹn ni ìyáàlù dúró lé, tí ọwọ́ òsì onílù ń fa ọṣán tó sì ń dẹ̀ ẹ́, tí oríkì, òwe àti èébú ń jáde. Kò sí ilé Àyàn tí wọ́n ti ń gbé ìyáàlù fún ọmọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìlù kékeré ni wọn yóò fún un, yóò sì kọ́kọ́ mọ bí a ti ń di ipò tirẹ̀ mú nígbà tí etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba gbé ètò yìí dání lọ sí ibẹ̀: bàtá mẹ́ta ni wọ́n ń lù níbẹ̀ títí di òní, Iyá, Itótele àti Okónkolo, Okónkolo tó kéré jù ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ sì fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tó bá jókòó sí irú agbo bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ohun tí olùkọ́ kíláàsì ń fi pàṣán wá. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń dúró de ẹlòmíràn, bí a ṣe ń gbọ́rọ̀ kí a tó fèsì, bí a ṣe ń tún àṣìṣe ṣe láì dá iṣẹ́ dúró. Kò sí ọ̀lẹ tó lè fara pa mọ́ níbẹ̀, kò sì sí ọ̀yájú tó lè dá a ṣe. Mo ti rí ọmọ kan tí kì í dáhùn ìbéèrè nínú kíláàsì, tí olùkọ́ rẹ̀ ti pè ní olódo, tó di gúdúgúdú mú fún odindi orin láì yẹ̀ nígbà tí ọmọ tó ń gba ipò kìíní nínú ìdánwò kò lè ṣe é dé ìdajì. N kò sọ pé máàkì rẹ̀ gòkè lẹ́yìn ìyẹn. Mo sọ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bí wọ́n bá ń ṣe nǹkan.

Ẹ má sì bá kọ̀ǹpútà jà. Ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án ní Nàìjíríà ti kó orin, àwòrán, eré àti ijó pọ̀ sínú iṣẹ́ kan tí àwọn ọmọ ń pè ní CCA (Cultural and Creative Arts), ohun tó sì sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó mọ àwòrán yà ni wọ́n ń gbé e fún, ọdún á sì parí láìjẹ́ pé ọmọ la ẹnu kọrin. Ẹ bi ilé-ìwé pé ta ló ń kọ́ CCA, ìgbà mélòó ló sì ń kọ́ orin nínú rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì ní gba wákàtí kankan lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà.

Ní ti bàbá, ohun tí ẹ rí kò ṣàjèjì, bàbá kò sì díbọ́n. Apá òsì ọpọlọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá ba ibẹ̀ jẹ́, ọ̀rọ̀ lè kọ̀ láti jáde, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún náà ń ṣiṣẹ́ nínú orin, ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò lè pe orúkọ ọmọ rẹ̀ fi lè kọ orin tó ti mọ̀ láti kékeré já. Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú kan ní Boston, Martin Albert, Robert Sparks àti Nancy Helm, gbé ọ̀nà ìtọ́jú kan jáde lórí èyí ní 1973. Wọ́n á mú gbólóhùn kúkúrú, wọ́n á kọ ọ́ bí orin lórí ohùn méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ òsì aláìsàn lu tábìlì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún ìró kọ̀ọ̀kan. Aláìsàn á kọ́kọ́ kùn ún, á bá wọn kọ ọ́, á dá a kọ, lẹ́yìn náà wọ́n á máa yọ orin kúrò díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi ku ọ̀rọ̀ nìkan.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀. Orin ìyìn tí bàbá ń kọ kò tíì di ìtọ́jú. Odindi ni ó ń jáde, wọn kò sì lè yọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ fi tọrọ omi. Ohun tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ ni gbólóhùn tí wọ́n nílò lójoojúmọ́, tí ẹ sì fi ohùn tirẹ̀ gan-an kọ. «Mo fẹ́ mumi» jẹ́ re mí re re. «Mo fẹ́ tọ̀» jẹ́ re mí dò. Ẹ má ṣe fi í sórí orin mìíràn, nítorí pé èdè wa ti fún un ní orin tirẹ̀. Ẹ jókòó kọjú sí wọn, ẹ di ọwọ́ òsì wọn mú, ẹ lù ú jẹ́jẹ́ lórí itan wọn fún ìró kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ falẹ̀, ẹ sì fún wọn láyè. Gbólóhùn kan tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ní ilé-ìwòsàn ńlá kan yẹ̀ wọ́n wò, nítorí pé oríṣiríṣi ni bí rọpárọsẹ̀ ṣe ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbuuru tí kò sì yé ẹnikẹ́ni, irú ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí ọ̀rọ̀ há mọ́ lẹ́nu bíi ti bàbá.

Bí ẹsẹ̀ kan bá ń wọ́ nílẹ̀ náà, ìlù tó dúró ṣinṣin lè ràn án lọ́wọ́. Láàárín àwọn ọdún 1990, Michael Thaut àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Colorado fi hàn pé ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú, àti ẹni tó ní àrùn Parkinson tí ń mú ara gbọ̀n, máa ń gbé ẹsẹ̀ tó gùn díẹ̀ tó sì dọ́gba bí wọ́n bá ń rìn tẹ̀ lé ìlù tí kò yí padà. Ìlù náà kò gbọ́dọ̀ yára ju ẹsẹ̀ bàbá lọ, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ má sì torí orin dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró, nítorí pé oògùn yẹn ló ń dènà èkejì.

Ẹ̀yin fúnra yín ti rí orin ìlera ní ọjọ́ kílíníìkì aláboyún. Kí nọ́ọ̀sì tó dé orí ẹ̀kọ́, àwọn aláboyún á ti máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á kọrin pé ọmú nìkan ni kí ọmọ mu fún oṣù mẹ́fà, wọ́n á kọ ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹni tó lóyún àkọ́kọ́ tí ẹ̀rù ń bà á sì wà láàárín wọn tó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí kò lè ka káàdì ń gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sílé ní ẹnu rẹ̀. Àǹfààní kejì pa mọ́ díẹ̀. Ní London, Daisy Fancourt àti Rosie Perkins ṣe ìwádìí kan tó tẹ̀ jáde ní 2018, nínú èyí tí wọ́n ti kó ìyá ọlọ́mọ tuntun 134 tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jọ. Àwọn tó ń péjọ kọrin pẹ̀lú ọmọ wọn bọ́ nínú ìrẹ̀wẹ̀sì tó le kíákíá ju àwọn tó gba ìtọ́jú bó ṣe yẹ láìsí orin lọ. Ní Gáńbíà, àwọn olùwádìí mìíràn bá àwọn ẹgbẹ́ Kanyeleng ṣiṣẹ́, ìyẹn àwọn obìnrin tó ti rí ìṣòro àìrọ́mọbí tàbí ikú ọmọ tí wọ́n sì ń kọrin káàkiri, wọ́n kó àwọn aláboyún jọ láti bá wọn kọ, àmì ìdààmú ọkàn sì dín kù lára àwọn aláboyún náà. Ìgbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kó irú nǹkan báwọ̀nyí jọ ní 2019, ìwádìí tó lé ní 3,000 ni wọ́n yẹ̀ wò lórí orin, ijó, eré àti iṣẹ́ ọnà mìíràn.

Nǹkan kan wà tí n kò ní fi bò. Orin kan náà ń ba etí jẹ́. Ìlànà tí NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́, gbé kalẹ̀ ni pé kí ènìyàn má pẹ́ ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́ nínú ariwo tó tó dẹ́síbẹ́lì 85 (òṣùwọ̀n ariwo ni dẹ́síbẹ́lì), bó bá sì ti fi 3 gòkè, ìdajì àkókò ni kí ènìyàn gé kúrò: 88 di wákàtí 4, 91 di wákàtí 2. Sípíkà tí wọ́n ń gbé wá sí àríyá òpin ọdún ní ilé-ìwé kọjá gbogbo ìyẹn, wọ́n sì ń tò ó sí ẹ̀gbẹ́ àga àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Bí ọ̀gá bá yọ orin kúrò nínú táìmù-tébù tán, ó dá mi lójú pé sípíkà náà kò ní bá a lọ. Ẹ ní kí wọ́n gbé e jìnnà sí àwọn ọmọ.

Ìlú wá ńkọ́? N ó fi iṣẹ́ àáró àti ọ̀wẹ̀ sílẹ̀, níbi tí orin ti ń mú kí ọkọ́ ogún ènìyàn wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ọ̀nà Kétu, tó bọ́ sí orílẹ̀-èdè Benin lónìí, àti sọ́dọ̀ àwọn ará Yewa ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Níbẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án, Èfẹ̀, eléré tó ń fi orin bá ìlú wí, á ti jáde lóru ní ojú ọjà. Á júbà àwọn ìyá, á gbàdúrà fún ìlú, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin tú àṣírí: ẹni tó jí owó ẹgbẹ́, olóyè tó ta ilẹ̀ ìlú, ọkọ tó pa ilé tì. Ìjọba orílẹ̀-èdè Benin, Nàìjíríà àti Togo ni wọ́n jọ ní in lọ́dọ̀ UNESCO, tó kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún ẹ̀dá ènìyàn. Bí ẹnìkan bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu lásán, ìjà ni yóò dà. Ṣùgbọ́n Èfẹ̀ á dá orin, gbogbo ọjà á gbè é, ẹni tí wọ́n ń bá wí náà yóò wà láàárín wọn, nígbà tí ilẹ̀ bá sì fi mọ́, kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ló dá ẹjọ́ náà. Egbè ló sọ ọ́ di ti ìlú. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe yàtọ̀ sí ẹni tó ń fi sípíkà mẹ́rin dá sọ̀rọ̀ fún àdúgbò tí kò sì sí ẹni tó lè fèsì.

Àwọn ènìyàn wa ní Brazil fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé-ìwé. Ní 1974, ní Salvador ní Bahia, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ aláríyá ọjọ́ Kánífà kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú mọ́ra, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò Liberdade dá ẹgbẹ́ ìlù tiwọn sílẹ̀ ní agbo ilé Mãe Hilda Jitolu, ìyálórìṣà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ilê Aiyê, orúkọ tí ọmọ Yorùbá kankan kò nílò ògbifọ̀ fún. Ní 1988, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ àdúgbò náà, Escola Mãe Hilda. Ìlù ló kọ́kọ́ kó wọn jọ, ìwé ló tẹ̀ lé e. Ilé-ìwé yín ní Òṣogbo ti ní ìwé. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kí wọ́n má lé ìlù kúrò nìyẹn.

Ó ku gángan ọmọ. Lóòótọ́, láti ọ̀dọ̀ bàbá sí ọmọkùnrin ni iṣẹ́ ìlù ń lọ nílé Àyàn, àwọn ìlù kan sì wà tó jẹ́ ti awo tí wọn kì í fún ọmọ ilé-ìwé, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Gángan àti kànnàngó kò sí lára wọn. Aralola Olamuyiwa, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ara, obìnrin ni, ìlù yìí náà ló sì fi di gbajúmọ̀. Bí òbí kan bá sọ fún yín pé ti òrìṣà ni ìlù, ẹ rán an létí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Àyàn ló ń kírun, wọ́n sì ń lu ìlù nínú ìjọ Aládùúrà lọ́jọ́ ìsinmi.

Kànnàngó ni kí ẹ rà fún ọmọ ọdún 8, nítorí pé ó kéré ju gángan lọ, apá rẹ̀ á sì ká a. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fa ọṣán rẹ̀ wò bóyá ó ń padà sí ipò dáadáa, ẹ sì wo ojú awọ bóyá ó ti là. Ẹ má fi í sínú oòrùn tàbí sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀. Ẹ wá onílù láti ilé Àyàn kan ní àdúgbò yín láti kọ́ ọ, kì í sì ṣe láti orí fóònù, ẹ sì bá a sọ ọ́ pé ìlù kan ṣoṣo tí kò yí padà ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó má yára kọ́ ọ ní oríkì nítorí kó lè wù yín. Ẹ má jẹ́ kó dá kọ́ ọ: ẹ bá òbí méjì mìíràn sọ̀rọ̀ kí ọmọ mẹ́ta jọ máa lù, owó olùkọ́ náà á sì fúyẹ́ fún ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.